Ìrìn nítorí jẹjẹrẹ ọmú: láti Mamobi dé Korle Bu kò jìnnà, kí ló dé tí àwọn obìnrin ń pẹ́ lọ́nà?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Mamobi, ní Accra, ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ó rí àwọn obìnrin tó wọ ẹ̀wù píǹkì lójú títì ní oṣù kẹwàá, onílù wà níwájú wọn, ọlọ́pàá ń dá mọ́tò dúró fún wọn. Wọ́n ní ìrìn nítorí jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó wò mí, ó ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rìn yẹn, báwo ló ṣe ń wo ọmú sàn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìlanilọ́yẹ̀ àti owó ìrànwọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Báwo ló ṣe ń wò ó sàn?" N kò rí i dáhùn lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹwàá tó kọjá yìí, èmi àti òun jọ bọ́ sójú títì, a rìn ín, mo sì rò pé mo ti ní ìdáhùn díẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ Mamobi, ẹ̀gbẹ́ Nima ló wà, kò sì jìnnà sí Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́. Hausa pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa ni bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn wá láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti agbègbè wọn. Àwọn kan kó ẹrù wọn nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ ní 1969, àwọn míì sì padà wá nígbà tó yá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára àwọn tó padà.

Àwọn obìnrin àdúgbò ló ṣètò ìrìn náà fúnra wọn. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Wọ́n dá owó, wọ́n ra ẹ̀wù, wọ́n ní kí n máa bá wọn lọ kí n lè máa dáhùn ìbéèrè lọ́nà. Láti Mamobi, a jáde sí Kanda Highway, a kọjá níwájú Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ tí wọ́n ṣí ní 2021, a sọ̀ kalẹ̀ sí Ring Road, a rìn dé Kwame Nkrumah Circle, a gba Obetsebi-Lamptey Circle, a sì yà sí Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tó ti wà níbẹ̀ láti 1923. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 9 tàbí 10. Ẹni tí ara rẹ̀ le á rìn ín ní wákàtí méjì. Àwa lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ lọ́nà, ó sì mọ èèyàn púpọ̀.

Kí a tó gbéra ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀.

Ìyá oníwáàkyé kan wà nítòsí ibi tí a ti péjọ. Kò tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀, ìkòkò rẹ̀ ti wà lórí iná, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fún wa ní omi inú ọ̀rá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó kàn mí, kò tètè fi omi náà sílẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ lè bá mi wo nǹkan kan?"

Yàrá ẹnì kan la wọ̀. Kókó náà wà lápá òkè ọmú òsì. Ó le bí ẹ̀kùrọ́, kò sì yẹ̀ dáadáa nígbà tí mo fi ìka tì í. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti rí i.

"Á tó oṣù márùn-ún. Àwọn tí a jọ ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní omi ọmú ló dì."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o. Kò dùn mí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀."

Ẹni ọdún 34 ni. Láti ẹnu ìkòkò rẹ̀ dé Korle Bu kò tó kìlómítà mẹ́wàá, oṣù márùn-ún ló sì ti wà lójú ọ̀nà náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí irú ìrìn yìí ti wá. Ní 1980, jẹjẹrẹ ọmú pa Susan Komen, ọmọ Amẹ́ríkà, ní ẹni ọdún 36. Àbúrò rẹ̀, Nancy Brinker, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 1982, nígbà tó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe eré ìje àkọ́kọ́ wọn ní ìlú Dallas. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nina Barough kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjìlá lọ sí New York ní 1996, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin eré máratọ́ọ̀nù ìlú náà, kìlómítà 42, pẹ̀lú kọ́mú lásán láyà. (Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n má ṣe gbé ìyẹn dé Mamobi.) Kò pẹ́ sí àkókò náà tí àyẹ̀wò fi hàn pé Barough fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú. Láti 1998 ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn ní London lóru, wọ́n ń pè é ní MoonWalk.

Ní Ghana, Dókítà Beatrice Wiafe Addai, oníṣẹ́ abẹ ní Kumasi, ló dá ẹgbẹ́ Breast Care International sílẹ̀ ní 2002. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ yìí ti ń ṣe ìrìn ńlá lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. Ní Èkó, ẹgbẹ́ C.O.P.E. tí Ebunola Anozie dá sílẹ̀ náà ń rìn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ti Ghana ni pé àwọn obìnrin tó ti ní àìsàn náà, tí wọ́n gba ìtọ́jú tí wọ́n sì yè, máa ń jáde síta gbangba, wọ́n á jó, gbogbo ayé á rí wọn.

Ẹ lè rò pé ohun kékeré nìyẹn. Ẹ ronú sí i ná. Ní àdúgbò wa, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú bá pa, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀. Wọ́n á rí i bó ṣe ń rù, wọ́n á gbọ́ òórùn egbò náà, wọ́n á lọ síbi ìsìnkú. Ẹni tó bá yè kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ní òun rin ìrìn àjò ni. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, gbogbo àpẹẹrẹ tó mọ̀ ló kú. Kí ló máa wá sáré lọ sí ilé ìwòsàn fún?

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi nígbà tí a dúró sinmi ní Circle. Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Makola, tí gbogbo wọn mọ̀ dáadáa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ó ní, "Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti gé ọmú ọ̀tún mi ní Korle Bu. Ìgbà tí mo ní mo lọ kí àwọn èèyàn wa ní Ìlọrin, ilé ìwòsàn ni mo wà." Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sí etí títì, ó di orí mú. Inú àgbàlá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án!

Lẹ́yìn tí Alhaja sọ̀rọ̀ tán, obìnrin mẹ́rin ló wá bá mi kí a tó dé Korle Bu, pé àwọn fẹ́ kí n wo nǹkan. Èmi ti sọ̀rọ̀ láti Mamobi, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe iṣẹ́ mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ní 2022, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn káàkiri ayé, ẹgbẹ̀rún 670 èèyàn ló sì bá a lọ. Àmọ́ òǹkà tó máa ń dùn mí jù lọ rèé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù, obìnrin kan nínú 12 ni yóò ní àìsàn yìí ní ìgbà ayé rẹ̀, kan nínú 71 ni yóò pa. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí nǹkan ò ṣẹnuure fún jù, kan nínú 27 péré ni wọ́n máa rí i lára rẹ̀, síbẹ̀ kan nínú 48 ni yóò pa. Àìsàn náà kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó ti ọ̀dọ̀ wọn, tiwa ló ń pani jù. Pípẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn wà lára ohun tó fà á, àìrí ìtọ́jú gbà tán náà sì wà níbẹ̀.

Ohun míì tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ní in lọ́dọ̀ wa kò tíì pé 50 ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Oríṣi jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́ kò ràn, tó sì máa ń tètè dàgbà. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tí ìran wọn wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju lára àwọn òyìnbó lọ, ó sì ń mú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹni ọdún 30 pé àìsàn àgbà ni.

Ní ti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, nítorí pé ọmú tó ní omi nínú máa ń rí kókókòkò. Àwa dókítà pàápàá máa ń ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Bí omi ọmú bá dì, ó sábà máa ń yọjú lójijì, á máa dùn yín, ojú ibẹ̀ á gbóná, á pọ́n, ibà lè bá a wá. Bí ọmọ bá mu ún dáadáa, tí ẹ sì lo oògùn bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń le, kì í lọ, ó sì máa ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fi ìyá oníwáàkyé lọ́kàn balẹ̀ ló yẹ kó dẹ́rù bà á. Oríṣi kan tún wà tó máa ń jọ ọmú tó ní kòkòrò: gbogbo ọmú á wú, á pọ́n, awọ rẹ̀ á rí bí èèpo ọsàn. Bí ẹ bá lo oògùn fún irú rẹ̀ tí kò sì lọ, ẹ má ṣe gba oògùn kan náà lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó.

Òfin tí mo fún àwọn ará ilé mi rọrùn. Kókó èyíkéyìí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ní ọmú tàbí ní abíyá, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ì báà dunni, kó má dunni, ẹ máa fún ọmọ lọ́mú tàbí kí ẹ má fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí orí ọmú bá wọlé nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti ibẹ̀ jáde, bí awọ bá wọ inú tàbí tí egbò kò jinná. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin náà ní ọmú. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí jẹjẹrẹ yìí mú, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin, ó sì máa ń pẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ju obìnrin lọ nítorí ìtìjú.

Nílé ìwòsàn, dókítà á fọwọ́ wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀rọ wò ó. Fún ẹni tí kò tíì pé 40, scan irú èyí tí wọ́n fi ń wo aláboyún ni a sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Kò ṣe omi ọmú ní nǹkan kan, kò sì ṣe ọmọ. Fún àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mammogram máa ń wọ̀ ọ́. Bí kókó náà bá ń kọni lóminú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá lọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé bí irin bá kan jẹjẹrẹ, ńṣe ló máa tàn ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n rí i tó tàn ká, ó ti tàn ká kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Láìsí àyẹ̀wò yìí, kò sí dókítà tó lè mọ oògùn tó yẹ.

Àdúrà ń kọ́? Mo ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn mi. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ má lọ títí àgbo òun yóò fi ṣiṣẹ́, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ní Ghana, ètò ìlera àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHIS ń san owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ẹni tó ń gbé Ghana lábẹ́ òfin sì lè forúkọ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Mamobi ni kò mọ̀. Kì í san gbogbo nǹkan. Owó mọ́tò, àyẹ̀wò kan, oògùn kan, ẹ máa fi ọwọ́ ara yín san wọ́n. Ibẹ̀ ni owó ìrìn wa lọ. Ó san owó scan fún obìnrin 11, ti ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, bó ṣe sábà máa ń rí. Bí ẹ bá fẹ́ bá àwọn èèyàn rìn, ẹ béèrè ibi tí owó ń lọ kí ẹ tó fọwọ́ sápò. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè náà, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀, òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ rírìn dára fún ọmú. Obìnrin tó bá ń ṣe eré ìdárayá déédéé máa ń dín ewu àìsàn yìí kù, rírìn díẹ̀díẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ara ẹni tó ń gba oògùn fúyẹ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú 150 ló yẹ kí ẹ máa rìn lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kọ́. Fífún ọmọ lọ́mú náà ń ràn yín lọ́wọ́: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002, tó kó ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 jọ, rí i pé ewu náà ń fi nǹkan bí ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú. Kì í ṣe oògùn àjẹsára o. Ọmọ kẹta ni ìyá oníwáàkyé ń fún lọ́mú.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ wọ bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó jẹun kó tó gbéra. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní abíyá, kó má fi apá ẹ̀gbẹ́ yẹn gbé ẹrù. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kó sọ fún dókítà rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ lè gbé ọmọ rẹ̀ dání, kó rìn dé ibi tó bá lè dé, kó wọ trotro padà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìrìn náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú ìyá oníwáàkyé lọ sí Korle Bu. Trotro ni wọ́n wọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, ó ti dé abíyá, àmọ́ kò tíì dé ẹ̀dọ̀ àti egungun. Ìyẹn ní pé ohun tí a lè ṣe ṣì pọ̀. Ó ní láti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, òun sì ni ohun tó sunkún sí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ọmọ ń sùn láwọn ọjọ́ tí oògùn bá mú ìyá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa gba ìkẹrin nínú mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ. Alhaja ló ń tẹ̀ lé e lọ ní gbogbo ìgbà. Ọkọ rẹ̀ ló ń se wáàkyé báyìí ní aago mẹ́rin òru. Àwọn oníbàárà ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń rà á bẹ́ẹ̀.